Ilé Tí Ariwo Rẹ̀ Létò: Ìró Inú Ilé àti Ọmọ Tó Ní Ọ́tísìmù

 

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹjọ́ tí àwọn òbí ọmọ tó ní ọ́tísìmù sábà máa ń rò. Wọ́n á ní: “Ọmọ yìí ń tàn wá jẹ ni. Bí mo bá tan ẹ̀rọ ìlọta báyìí, á figbe ta, á fọwọ́ di etí, á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun kan náà ni yóò tún lọ jókòó ti jẹnẹrétọ̀, tí yóò dẹ etí sí i, tí yóò máa rẹ́rìn-ín. Bí a bá wá pe orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fun fi gbẹ, kò ní bojú wẹ̀yìn. Ṣé adití ni, àbí olóríkunkun?”

Ohun mẹ́ta ló wà nínú ẹjọ́ yìí: ìró tó ń lé ọmọ sá, ìró tó ń fa ọmọ mọ́ra, àti ohùn ènìyàn tó dà bí ẹni pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Àwọn òbí máa ń rò pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ta kora wọn. Wọn kò ta kora. Kì í ṣe bí ariwo ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń da ọmọ tó ní ọ́tísìmù láàmú. Pé ariwo náà já lù ú láìròtẹ́lẹ̀, pé kò sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti dá a dúró, pé ó da pọ̀ mọ́ ìró mìíràn tí kò fi rí èyí tí ì bá fọkàn sí, gbogbo èyí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn gan-an sì ni agbára wa ká jù nínú ilé. Nítorí náà, mi ò wá síbí láti sọ pé kí a sọ ilé Yorùbá di ibi tí ènìyàn kò ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Ohun tí mo wá sọ ni bí ariwo ilé ṣe lè létò.

Ohun tí wọ́n ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀

Ní 1943, Dókítà Leo Kanner, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí ọmọ 11. Àkọsílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníṣègùn mọ ohun tí a ń pè ní ọ́tísìmù lónìí. Nínú rẹ̀, Kanner sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń kó ìpayà bá àwọn ọmọ náà: ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ẹyin, àní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lásán. Lẹ́yìn náà ló ṣe àkíyèsí kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá: ọmọ tó ń sá fún ariwo yìí lè fúnra rẹ̀ pa ariwo tó tó bẹ́ẹ̀, kí inú rẹ̀ sì máa dùn. Ohun tí kò fẹ́ ni ìró tó yọjú sí i láìṣe pé òun ló pè é.

Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó kí a tó fún àkíyèsí yẹn ní ipò tó tọ́ sí i. Ọdún 2013, 70 ọdún gbáko lẹ́yìn Kanner, ni ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò, ìyẹn DSM-5, tó fi bí ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára ọmọ kún àwọn àmì tí wọ́n fi ń dá ọ́tísìmù mọ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan kó àbọ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé nínú ènìyàn 10 tó ní ọ́tísìmù, nǹkan bí 4 ni ìró ń ni lára lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí a bá ka àwọn tó ti rí bẹ́ẹ̀ fún rí ní ìgbà kan láyé wọn, wọ́n tó nǹkan bí 6.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń pè é ní àìsàn òyìnbó, ẹ sọ fún un pé ní 1978, Victor Lotter ti tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù ní àwọn ìlú Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó dé. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún 2021 sọ pé nínú ènìyàn 127, ó tó ẹnì kan tó ní in. Àdúgbò wo ni ènìyàn 127 kò sí?

Láti etí dé ọpọlọ

Kí a tó dá ọpọlọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká yẹ etí wò. Ọmọ tí etí ń ṣọyún, tàbí tí omi dúró sẹ́yìn ìlù etí rẹ̀, lè má dáhùn nígbà tí a bá pè é, kó sì jẹ́ pé kò gbọ́ ni. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ní LUTH ní Ìdí-Àrábà. Àyẹ̀wò etí ni ó yẹ kó ṣáájú gbogbo àríyànjiyàn.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé etí dá ṣáká, ọ̀rọ̀ kàn ọpọlọ. Etí kì í yan ìró. Gbogbo èyí tó bá wọlé ló ń fi ránṣẹ́. Ọpọlọ ló ń pinnu èyí tó yẹ ká fọkàn sí àti èyí tó yẹ ká pa tì. Ní ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ìró kan bá ti dún léraléra tí ewu kankan kò tẹ̀lé e, ọpọlọ kì í kà á sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ẹ̀bá títì fi ń sùn fọnfọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mẹ́gáàdì ọpọlọ rẹ̀ ti mọ ojú onílé, kì í fọn fèrè sí i mọ́. Ní ti ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, mẹ́gáàdì náà kì í tètè mọ ojú ẹnikẹ́ni. Iye ìgbà tí onílé bá wọlé lóòjọ́ ni fèrè yóò dún.

Ní 2015, Shulamite Green àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Los Angeles fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù tí ìró àti ìfọwọ́kàn ń ni lára púpọ̀, apá kan tó ń ṣọ́ ewu nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní amygdala, kì í tètè fọkàn balẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń tún ìró kan náà gbé sí i. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé “ẹ fi í sílẹ̀, yóò mọ́ ọn lára”, ohun tí ọpọlọ ọmọ yìí kì í tètè ṣe gan-an la ń retí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí ọmọ kì í dáhùn ńkọ́? Ní 2017, Anna Remington àti Jake Fairnie ní London tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù tí wọ́n dán wò lè gbọ́ ìró tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ju bí àwọn ẹlòmíràn ṣe lè gbọ́ ọ lọ. Ẹ̀bùn ni. Àwọn kan nínú wọn lè gbọ́ àṣìṣe kékeré nínú orin tí ẹlòmíràn kò kíyè sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ gbogbo nǹkan ni ó máa ń ṣòro fún láti mú ohùn kan ṣoṣo jáde láàárín wọn. Àwọn onímọ̀ ní Cambridge ti rí i láti 2004 pé, bí ariwo bá wà lẹ́yìn, ẹni tó ní ọ́tísìmù máa ń nílò kí ohùn olùsọ̀rọ̀ ta yọ ju bí ẹlòmíràn ṣe nílò rẹ̀ lọ kó tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ fi èyí wo ilé wa. Ìyá wà ní ilé ìdáná, ó ń pe ọmọ ní pálọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń ka ìròyìn, fáànù ń yí, wọ́n ń gún iyán lójúlé kejì. Lójú ìyá, orúkọ ni ó ń pè. Ní etí ọmọ, ìró kẹrin ni. Ẹni tó bá na ọmọ nítorí èyí, ohun tí ọmọ kò rí gbọ́ ló tìtorí rẹ̀ nà án.

Ẹ jẹ́ ká rin inú ilé já

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ìró. Ìró tó bá fi 10 ju èkejì lọ ní agbára ìlọ́po 10, etí wa á sì gbọ́ ọ bíi pé ó di ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ láàárín ẹni méjì tó nǹkan bí 60. Ẹ̀rọ ìlọta sábà máa ń tó 80 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lò ó. Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ariwo inú yàrá tí ènìyàn ń sùn má ju 30 lọ. Ìlànà tí àjọ NESREA ti ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2009 fi 50 sí ọ̀sán àti 35 sí òru fún àwọn ilé gbígbé. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ pé ilé tí jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ kò sí nínú ìwọ̀n yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná mànàmáná, nítorí pé òun ló ń darí ìró ilé ní ilẹ̀ wa. Iná lọ, ilé pa rọ́rọ́. Iná dé lójijì: tẹlifíṣọ̀n àti rédíò tí ẹnikẹ́ni kò pa bú jáde, fáànù bẹ̀rẹ̀, fíríìjì gbọ̀n, gbogbo ọmọ àdúgbò sì pariwo “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìró márùn-ún dé láìkìlọ̀. Ojútùú rẹ̀ kò gba owó: bí iná bá ti lọ, kí ẹnì kan máa yípo ilé láti pa tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti fáànù lára ògiri. Bí iná bá padà, gílóòbù ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wa. Ariwo àwọn ọmọ àdúgbò kò sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a ti yọ mẹ́ta kúrò nínú márùn-ún.

Lẹ́yìn èyí ni jẹnẹrétọ̀. Níta gbangba, bí a bá sọ àlàfo tó wà láàárín wa àti ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù. Ẹ̀rọ tó wà ní mítà 2 sí fèrèsé, bí ẹ bá gbé e lọ sí mítà 8, ẹ ti yọ nǹkan bí 12 kúrò. Ọ̀nà yìí kan náà ló ń gba ẹ̀mí là, nítorí pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn, tó ti pa odindi ìdílé lójú oorun. Kí ẹ má ṣe gbé e sí kọ́rídọ̀ tàbí báńkónì nítorí olè. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹni tó fẹ́ tan án sọ fún ọmọ kó tó fa okùn rẹ̀.

Ilé wa fúnra rẹ̀ náà ń dá kún un. Ògiri sìmẹ́ǹtì, táìsì ilẹ̀, gíláàsì fèrèsé àti páànù orí ilé kì í gba ìró mọ́ra. Ṣe ni wọ́n ń dá a padà. Bí ṣíbí bá jábọ́ nínú pálọ̀ onítáìsì, ìró rẹ̀ á ta kiri kó tó kú. Aṣọ ni ó ń mu ìró: kọ́tìnì tó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì, mátíráàsì, tìmùtìmù, àní aṣọ òkè àtijọ́ tí a fi kọ́ ògiri. Ẹ má náwó sórí páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Kì í dí ariwo tó ń bọ̀ láti ìta. Ohun tó ń dí i ni ilẹ̀kùn tó dé dáadáa, tí àlàfo kò sí lábẹ́ rẹ̀, àti fèrèsé tó pa mọ́ra. Fèrèsé alábẹ̀bẹ̀ gíláàsì kì í pa mọ́ra rárá. Nítorí náà, bí ilé bá ní yàrá kan tí kò kọjú sí títì, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ti ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré jù.

Òjò lórí páànù jẹ́ ariwo tó le fún ilé tí kò ní àjà. Àǹfààní kan wà níbẹ̀: ojú ọ̀run máa ń kọ́kọ́ ṣú. Ẹ fi òkùnkùn náà han ọmọ, ẹ sọ fún un pé òjò ń bọ̀, ẹ sì jọ lọ sí yàrá tó ní àjà kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́. Fún odó, àpò tàbí àkísà tó nípọn lábẹ́ rẹ̀ á gé ìgbọ̀nrìrì tó ń gba ilẹ̀ kọjá sí yàrá kejì.

Tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò wò ni kí a pa. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst wo àwọn ọmọdé àti òbí wọn, wọ́n rí i pé bí tẹlifíṣọ̀n bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, òbí kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ, kì í sì í tètè dá a lóhùn. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ ọ́tísìmù o. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ òbí tí yóò fi tọrẹ fún tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn ìró kan wà tí àgbà kò tilẹ̀ gbọ́, tàbí tí kì í kà sí mọ́. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, etí wa kì í gbọ́ ìró tó tinrín jù mọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ń gbọ́ ọ. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú tó ń sín nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná gígùn funfun tó ń kùn, mítà iná tó ń ké nítorí owó ti fẹ́ tán nínú rẹ̀, ẹ̀rọ inverter tó ń ké nítorí bátìrì. Bí ọmọ bá kọ̀ jálẹ̀ láti wọ yàrá kan, ẹ má kọ́kọ́ rò pé ó rí nǹkan tí ojú ènìyàn kò rí. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára ògiri, kí ẹ tún pè é wá.

Kí bọ́tìnnì wà lọ́wọ́ ọmọ

Mo ti sọ pé Kanner rí i láti 1943 pé ariwo tí ọmọ fúnra rẹ̀ pa kì í bà á lẹ́rù. Àwọn òbí tó gbọ́n ti sọ àkíyèsí yẹn di iṣẹ́ ṣíṣe. Ìyá tó fẹ́ lọ ata kò ní kàn tẹ ẹ̀rọ. Yóò ní: “Àkànní, mo fẹ́ lọ ata o. Ẹ̀rọ máa pariwo díẹ̀, yóò sì dákẹ́. Kà á pẹ̀lú mi: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.” Ní àrún, ẹ̀rọ á dákẹ́, bí ata kò tilẹ̀ tíì kúnná. Lẹ́yìn náà, a ó tún un kà. Ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ariwo náà ní òpin. Bí ó bá yá, Àkànní fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ bọ́tìnnì, tí yóò sì pa á nígbà tó bá fẹ́. Fún ọmọ tí kò tíì máa sọ̀rọ̀, ẹ lo àwòrán: ẹ fi àwòrán ẹ̀rọ náà hàn án kí ẹ tó tan án, kí ẹ sì dojú àwòrán bolẹ̀ bí ẹ bá ti parí.

Ní 2004, Robert àti Lynn Koegel pẹ̀lú akẹgbẹ́ wọn Daniel Openden ní California tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ mẹ́ta tó ní ọ́tísìmù tí ìró ilé ń dẹ́rù bà. Inú ìgbé ayé ìdílé ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà: ìró tó jìnnà tàbí tó rẹlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, wọ́n sì ń sún un mọ́ ọmọ ní ìwọ̀nba tí ara rẹ̀ bá gbà, títí àwọn ọmọ náà fi lè fara dà á. Ọmọ mẹ́ta kéré, mi ò sì ní sọ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti fífi ọmọ sílẹ̀ sínú ariwo kí ó lè “le”. Nínú ti Koegel, bí ara ọmọ kò bá balẹ̀, ìró kò ní sún mọ́ ọn.

Ibí ni jẹnẹrétọ̀ tí ọmọ ń dẹ etí sí ti rí àlàyé rẹ̀. Ìró rẹ̀ kì í yí padà. Ọmọ mọ ohun tí yóò gbọ́ ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀. Fáànù, omi ẹ̀rọ tó ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì, orin kan ṣoṣo tó ń tún gbọ́ láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe rí. Ọmọ mìíràn á máa kùn ní ọ̀fun ara rẹ̀ nígbà tí àlejò bá kún ilé: ìró tirẹ̀ ló fi ń bo tiwa mọ́lẹ̀. Bí a bá pàṣẹ fún un pé kó dákẹ́, a ti gba ààbò kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí a wá èyí tí kò léwu fún un dípò jẹnẹrétọ̀: fáànù kékeré, rédíò tí òun fúnra rẹ̀ ń yí, ìlù gángan tàbí agogo tó lè lù nígbà tó bá wù ú.

Ohùn ẹnu tiwa

Ariwo tó ṣòro jù láti tò nínú ilé Yorùbá kì í ti ara ẹ̀rọ wá. Láti ẹnu wa ni. A máa ń kí ara wa láti ọ̀nà jíjìn, a máa ń pe ọmọ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a sì máa ń sọ̀rọ̀ lé ara wa lórí bí ọ̀rọ̀ bá dùn. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ yìí, ẹ rìn lọ bá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín àti tirẹ̀ lè dọ́gba, ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró. Ìdádúró yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé bí a bá tún un pè kíákíá, ìró tuntun ni a tún dà lé e lórí. Oríkì tí ìyá àgbà ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ ki sí i létí ní àárọ̀, tí kò yí padà, wúlò ju ogún ìpè láti ilé ìdáná lọ.

Nígbà tí ìró bá ti bo ọmọ mọ́lẹ̀, tó ń ké, tó ń gbá orí mọ́ ògiri, gbogbo ilé ló máa ń sáré wá, tí oníkálukú á sì máa dá tirẹ̀: “Kí ló ṣe ọ́?” “Dákẹ́!” “Ẹ bu omi wá!” Ariwo lórí ariwo. Kí ẹnì kan ṣoṣo dúró tì í, kí àwọn yòókù kúrò, kí wọ́n pa ohun tó ń dún, kí ẹni tó dúró máa lo ọ̀rọ̀ díẹ̀ tàbí kó má sọ̀rọ̀ rárá, kó kàn rí i pé ọmọ kò ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹ má ṣe na ọmọ ní àkókò yẹn. Ìbáwí wà fún ohun tí ọmọ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe.

Fún òde ìkómọjáde tàbí ìgbéyàwó, ẹ mú ọmọ dé kí wọ́n tó to gbohùngbohùn tán, kí ó lè rí ibi náà nígbà tó dákẹ́. Ẹ jókòó jìnnà sí àwọn olórin, kí ẹ sì mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà jáde. Wákàtí kan tí ọmọ gbádùn sàn ju ọjọ́ kan tí a fi ipá mú un jókòó lọ, ẹbí tó bá sì lóye kò ní sọ pé ẹ kò bọ̀wọ̀ fún àwọn.

Ìbotí, àti àwọn ohun tí wọ́n ń tà fún wa

Ìbotí tí àwọn òṣìṣẹ́ fáktìrì máa ń fi dé etí wúlò gan-an fún ọmọ yìí: ní ọjọ́ òde, ní inú mọ́tò, nígbà tí wọ́n bá ń gé irin lójúlé kejì. Ṣùgbọ́n kí ó má di fìlà tí ọmọ ń dé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí etí kò bá gbọ́ ìró fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ máa ń dẹ etí sílẹ̀ sí i, ìró tó bá wá wọlé lẹ́yìn náà á sì ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tó. Kí òun mọ ìgbà tí yóò dé e àti ìgbà tí yóò ṣí i.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìwòsàn etígbọ́ olówó gọbọi. Guy Berard, oníṣègùn ará Faransé, ló dá ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń fi orin tí wọ́n tún ṣe sí ọmọ létí fún ọjọ́ díẹ̀. Ní 1998, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ẹ̀rí tó tì í lẹ́yìn kò tó. Àyẹ̀wò ńlá tí àjọ Cochrane gbé jáde ní 2011 náà kò rí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ á ra kọ́tìnì, á tún ilẹ̀kùn ṣe, á sì ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ fò dá, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Àwọn kan máa ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní emèrè tàbí ẹlẹ́gbẹ́, wọn á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pariwo àdúrà lé e lórí mọ́jú, tí agogo àti ìlù kò sì dákẹ́. Igbe tí ọmọ ń ké níbẹ̀ ni wọ́n á tún wá tọ́ka sí pé ẹ̀mí burúkú ń jáde lọ. Ẹ gba àdúrà fún ọmọ yín. Ẹ gbà á ní ohùn jẹ́jẹ́. Ọlọ́run kì í ṣe adití.

Ògiri kò dá wa yà

Ní ilé oníyàrá tó dojú kọra, tí ìdílé mẹ́jọ ń lo kọ́rídọ̀ kan, òbí kan ò lè dá ariwo tò. Ó yẹ kí ó lè bá àwọn tí wọ́n jọ ń gbé sọ̀rọ̀ láìtijú. Ọ̀pọ̀ òbí ń fi ọmọ wọn pamọ́, àwọn aládùúgbò kò sì mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ àwọn ń kó ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìyá bá lọ bá ìyàwó onílé, tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ bá fẹ́ tan jẹ́ẹ̀nì, ẹ kàn bá mi kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó fà á,” ìbéèrè kékeré ni, ó sì sọ ìró òjijì di ìró tí a retí.

Òfin wà. Lẹ́yìn òfin àpapọ̀ tí mo mẹ́nu bà, Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ LASEPA tó ń mójú tó ariwo, àti pé ní 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bà: ọmọ tí gbohùngbohùn ìṣọ́ òru kò jẹ́ kó sùn lè jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọrin níbẹ̀. Oorun sì ti ṣòro fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù láìsí ìrànlọ́wọ́ wa. Ìrun pípè kì í gùn, ó sì ní àkókò. Ọmọ lè kọ́ láti retí rẹ̀. Ìwàásù tó ń lọ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí, tí gbohùngbohùn rẹ̀ kọjú síta, kò sí bí ọmọ ṣe lè retí òpin rẹ̀. Ẹ yí ẹnu gbohùngbohùn sínú. Àwọn tó wá sin Ọlọ́run wà nínú ilé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ yín láti fara da ariwo, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ìró ilé sílẹ̀: kí ló dún, nígbà wo, kí ni ọmọ ṣe. Ẹ lè rí i pé ìró méjì tàbí mẹ́ta ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú igbe náà. Ẹ̀yin onílé, àjà àti ilẹ̀kùn tó dé dáadáa kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ béèrè irú ilé tí ọmọ ti wá kí ẹ tó kọ “aláìgbọràn” sínú ìwé àbọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí kò sùn lóru nítorí ariwo ni ẹ ń kọ́ ní ọ̀sán.

Fún ìró kọ̀ọ̀kan tó bá kù nínú ilé, kí a bi ara wa ní ìbéèrè méjì: ta ló mọ̀ pé ó ń bọ̀, ta ló sì lè dá a dúró? Bí ìdáhùn sí méjèèjì bá jẹ́ àgbà nìkan, iṣẹ́ ṣì kù fún wa. Bí ọmọ bá wà nínú ìdáhùn náà, ariwo yẹn ti létò, bó tilẹ̀ dún dé òpópónà.